Nelson Agholor: kí ni ó yẹ kí a fi wọn iṣẹ́ wide receiver?

Olùkọ́ Eré Ìdárayá, Asẹ́rò:

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, àríyànjiyàn kan sì ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ kíláàsì ìparí tí n kò lè dá parí, nítorí náà ni mo ṣe gbé e wá síwájú ẹ̀yin tí ẹ mọ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà jù mí lọ. Láti ìgbà tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ti gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń lọ sáré ní pápá MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá jù nínú wọn kò sọ̀rọ̀ Olympics mọ́, àfi NFL, ìyẹn líìgì ńlá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, torí wọ́n gbọ́ pé ẹni tó bá lè sáré lè di wide receiver, ìyẹn ẹni tó ń sá síwájú láti gba bọ́ọ̀lù tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jù ránṣẹ́, kí ó sì tibẹ̀ di olówó.

Ẹni tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni Nelson Agholor, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1993, tí ó sì bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Tampa ní ìpínlẹ̀ Florida nígbà tó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Àwọn kan ní akọni ni, torí pé ó gba Super Bowl, ìyẹn eré àṣekágbá NFL. Àwọn yòókù ní ọwọ́ rẹ̀ kì í mú bọ́ọ̀lù dúró, wọ́n sì rí fídíò rẹpẹtẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, kí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń wọ̀n ọ́n: ṣé iye bọ́ọ̀lù tí ènìyàn gbà ni, àbí ife, àbí owó, àbí iye ọdún tó lò? Ǹjẹ́ a sì lè sọ pé iṣẹ́ ọmọkùnrin yìí yọrí?

Ará Ìbarà:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Philadelphia ni mo ń gbé nígbà tí Agholor wà ní ẹgbẹ́ Eagles, n ó sì sọ ohun tí ojú mi rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí iṣẹ́ yìí fi ń kó ìtìjú bá ènìyàn lọ́nà tí èyí tó kù kò gbà kó o. Ènìyàn mọ́kànlá ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ìgbà mẹ́rin ni wọ́n sì fún ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù láti fi rìn ní yáàdì mẹ́wàá síwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Quarterback ló ń ju bọ́ọ̀lù. Wide receiver ní ipa ọ̀nà tí wọ́n ti yàn fún un ṣáájú, tí yóò sá dé ibì kan, tí yóò sì yí padà lójijì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni quarterback sì ti ju bọ́ọ̀lù kí ó tó yíjú, pẹ̀lú ìgbẹ́kẹ̀lé pé yóò wà níbẹ̀. Nínú nǹkan bí ọgọ́ta ìgbìyànjú tí ẹgbẹ́ kan ń ṣe nínú eré kan, ó lè má ju márùn-ún lọ tí bọ́ọ̀lù yóò kàn án. Bí ọ̀kan bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú márùn-ún yẹn, gbogbo pápá ti rí i. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ dídènà nínú àwọn sìgìdì àárín pápá lè ṣe àṣìṣe mẹ́wàá kí òǹwòran má mọ ọ̀kan ṣoṣo.

Eagles mú Agholor ní ipò ogún nínú draft ọdún 2015, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ NFL fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ ní ipele-ipele lọ́dọọdún, láti yunifásítì USC, ìrètí ìlú sì pọ̀ lórí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù 23 ló gbà ní sáà àkọ́kọ́, ó gba 36 ní èkejì. Kékeré ni iye yẹn fún ẹni tí wọ́n mú ní ipele kìíní. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni nǹkan bàjẹ́ pátápátá, ní ìlú Seattle: kò dúró sí ibi tó yẹ kó dúró sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tìtorí rẹ̀ fagi lé touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá ẹgbẹ́ kejì láti gba àmì) tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Zach Ertz, ti gbà wọlé, bọ́ọ̀lù mìíràn tí kò sí ẹni tó dí i lọ́wọ́ sì tún já bọ́. Lẹ́yìn eré, ó sọ fún àwọn oníròyìn pé ìrònú ti pọ̀ jù lórí òun. Kọ́ọ̀ṣì Doug Pederson kò fi í sínú eré tó tẹ̀ lé e.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́. Kí sáà 2017 tó bẹ̀rẹ̀, Eagles ta Jordan Matthews fún ẹgbẹ́ Buffalo, wọ́n sì kó Agholor kúrò ní etí pápá wá sí ipò tí wọ́n ń pè ní slot, tó sún mọ́ àárín, níbi tí ènìyàn ti lè gba ọ̀tún tàbí òsì sá fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù 62 ló gbà ní sáà náà, ó fi wọ́n rìn ní yáàdì 768 síwájú, ó sì ní touchdown mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 2018, nínú Super Bowl tí wọ́n gbá ní Minneapolis, Eagles na New England Patriots ti Tom Brady ní 41 sí 33, Agholor sì gba bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án fún yáàdì 84. Kò sí ará Eagles kankan tó gbà tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Patriots ti lọ síwájú ní ìparí eré, léraléra ni Nick Foles, quarterback Eagles, ń ju bọ́ọ̀lù sí Agholor lọ́nà tí wọ́n fi tún gba ipò iwájú padà. Ẹni tí ẹ̀rù bà ní Seattle kọ́ nìyẹn mọ́.

Ìlú Philadelphia kì í gbàgbé ṣá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù tún ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú eré bíi mélòó kan, iná sọ ní ilé kan, ọkùnrin kan tó dúró nísàlẹ̀ sì ń gba àwọn ọmọdé tí wọ́n ń jù sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Nígbà tí oníròyìn bi í, ó ní àwọn kò gbà á bíi ti Agholor o! Gbogbo Amẹ́ríkà ló rẹ́rìn-ín. Agholor dá a lóhùn lórí Twitter, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìwà akin tó hù, ó sì pe òun àti ìdílé rẹ̀ wá wo eré. Lójú tèmi, ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, iṣẹ́ rẹ̀ sì yọrí.

Ìyá Oníṣirò, Pánsẹ́kẹ́:

Ará Ìbarà, ẹ sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn ará ìlú sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí èmi fi ìwé owó sọ tèmi, torí àwọn tó ń san owó kì í wo ẹ̀rín.

Ní sáà 2019, owó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là ni Eagles san fún Agholor, ó sì gba bọ́ọ̀lù 39 péré. Nígbà tí àdéhùn parí, kò sí ẹni tó fẹ́ san irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́: ẹgbẹ́ Raiders mú un fún ọdún kan ṣoṣo ní ohun tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan. Ìdiyelé àwọn tó mọ iṣẹ́ nìyẹn. Ó wá gbá bọ́ọ̀lù fún Raiders ní 2020 bí ẹni tí ebi ń pa, ó gba 48 fún yáàdì 896 pẹ̀lú touchdown mẹ́jọ, ìyẹn ni pé bọ́ọ̀lù kan ju yáàdì 18 lọ tí a bá pín in dọ́gba. Lórí sáà kan yìí ni Patriots fi fún un ní àdéhùn ọdún méjì, mílíọ̀nù 22 dọ́là, tí wọ́n sì fi 16 nínú rẹ̀ dá a lójú pé bó ṣe wù kó rí, yóò gbà á. Kí ló fún wọn? Yáàdì 473 ní ọdún kìíní, 362 ní èkejì. Ẹ rò ó pọ̀, kò tó èyí tó ṣe fún Raiders ní ọdún kan lórí owó táṣẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ Ravens mú un ní 2023, owó sì tún ti wálẹ̀ sí mílíọ̀nù mẹ́ta àti díẹ̀.

Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ wide receiver tó dáńtọ́ ni yáàdì 1,000 ní sáà kan, Agholor kò sì dé ibẹ̀ rí nínú sáà mẹ́wàá. Jerry Rice, tí San Francisco mú ní ipò kẹrìndínlógún ní 1985, ipò mẹ́rin péré ṣáájú ti Agholor, kọjá 1,000 ní sáà mẹ́rìnlá, ó sì gba bọ́ọ̀lù 1,549 kí ó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ti Agholor kò pé 400. N kò ní ó kùnà. Mo ní ẹni tí wọ́n mú ní ipele kìíní, tó sì ṣe iṣẹ́ ẹni ipele kẹta ni.

Ọmọ Ìtòkú:

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà o. Ìyá wa, bí ẹ bá fi Jerry Rice wọn ènìyàn, ta ni yóò yè? Kò sí wide receiver kankan tó tíì dé ibi tí Rice dé ní bọ́ọ̀lù gbígbà tàbí yáàdì. Ẹ fi àwọn tí kò pẹ́ níbẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹgbẹ́ 32 ni NFL ní, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í sì fi ju ènìyàn 53 lọ sínú ìwé rẹ̀ tí sáà bá bẹ̀rẹ̀. Nínú 53 yìí, wide receiver kì í sábà ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Lọ́dọọdún ni draft ń kó àwọn ọ̀dọ́ tuntun wọlé tí owó wọn kéré sí ti àgbà. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn máa ń pè ní ìwọ̀n iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Agholor lo sáà mẹ́wàá, láti 2015 títí dé 2024, ní ẹgbẹ́ mẹ́rin. Kò sí ẹgbẹ́ tó ń ṣàánú ẹnikẹ́ni fún ọdún mẹ́wàá.

Olùkọ́, ẹ tún sọ fún wọn nípa Ọlámìdé Zaccheaus, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti ilé wa gbangba. Kò ga, ipele méje tí draft ọdún 2019 ní ló sì parí láìsí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀, láti yunifásítì Virginia. Atlanta Falcons gbà á wọlé bí ẹni tí kò ní ìdánilójú kankan. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó gbà nínú NFL, ní oṣù kejìlá ọdún náà nígbà tí wọ́n pàdé Carolina, ni ó gbé sá fún yáàdì 93 tó fi di touchdown. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Eagles àti Washington lẹ́yìn ìgbà náà. Lójú tèmi, ìtàn tirẹ̀ gan-an ló yẹ kí àwọn ọmọ yẹn máa wò.

Ní ti eré sísá, ẹ ṣọ́ra. John Ross sáré yáàdì ogójì ní ìṣẹ́jú-àáyá 4.22 níbi àyẹ̀wò tí NFL ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ kí draft tó wáyé, ní ọdún 2017, àkọsílẹ̀ tó ga jù nígbà náà, Cincinnati sì sáré mú un ní ipò kẹsàn-án. Gbogbo yáàdì tó ní nínú NFL kò pé 1,000. Òótọ́ ni pé Bob Hayes, tó gba góòlù mítà 100 ní Tokyo ní 1964, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká wide receiver ní Dallas, ṣùgbọ́n òun ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní yunifásítì kí ó tó lọ sí Tokyo.

Olùkọ́ Eré Ìdárayá, Asẹ́rò:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wà ní ọdún mẹ́tàdínlógún, kò sì sí ẹni tó lè bá a nínú mítà 100 ní àdúgbò wa. Ṣé kò sí ọ̀nà fún un láti ibí tààrà?

Ará Ìbarà:

Ọ̀nà wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti wide receiver ló gbòòrò jù. Ètò tí NFL fi ń wá àwọn ọ̀dọ́ láti òkè òkun, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, mú ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta wọ ẹgbẹ́ ní 2023, lára wọn ni Kehinde Oginni tó lọ sí Kansas City. Ara ńlá ni wọ́n ń wá lára wọn, àwọn tó lè di ènìyàn mú tàbí kí wọ́n tì í sẹ́yìn, torí ìyẹn ṣeé kọ́ àgbàlagbà láàárín ọdún bíi mélòó kan. Ipa ọ̀nà wide receiver kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti ń sá a láti ìgbà tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn tó sì yára níbẹ̀ kò lóǹkà. Agholor fúnra rẹ̀, Èkó ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Tampa ló ti kọ́ iṣẹ́.

Ìmọ̀ràn mi ni kí ọmọ náà fi eré mítà 100 wá àyè ní yunifásítì wọn lọ́hùn-ún, bí Christian Okoye ṣe fi díìsì jíjù lọ, tó sì jẹ́ pé ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù yìí, síbẹ̀ tó ṣaájú gbogbo NFL nínú gbígbé bọ́ọ̀lù sáré ní 1989. Running back, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, ni Okoye o, kì í ṣe wide receiver. Bó bá sì jẹ́ pé gbígba bọ́ọ̀lù ló wù ú, flag football, tí kò sí ìkọlù nínú rẹ̀, tí ènìyàn márùn-ún-márùn-ún ń gbá, yóò wà nínú Olympics ọdún 2028 ní Los Angeles. Ẹ lè fi bọ́ọ̀lù kan àti aṣọ pélébé tí wọ́n so mọ́ ìdí bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní pápá ilé ẹ̀kọ́ yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá Oníṣirò, Pánsẹ́kẹ́:

Mo fara mọ́ èyí. Ní ti Agholor, n kò yí ohùn padà lórí mílíọ̀nù 22 Patriots yẹn. Ọmọ Ìtòkú, ọdún mẹ́wàá tí o mẹ́nu bà lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ 2017, 2018 àti 2020 kúrò níbẹ̀, ẹ wo ohun tó kù kí ẹ tó pè é ní akọni níwájú àwọn ọmọ. Olùkọ́, ẹ kọ iye rẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan sí ojú pátákó fún wọn, kí wọ́n fúnra wọn rò ó.