Táyà wo ni kí n rà sí ọkọ̀ ilé?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ọkọ̀ tí mo fi ń gbé ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta láti Adó-Èkìtì lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè nílò táyà, ìwọ̀n 195/65 R15 ni wọ́n kọ sára ti tẹ́lẹ̀. Ṣé kí n ra tòkúnbọ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀, àbí tuntun?

Ìdáhùn kìíní: Tuntun ni, ẹ̀gbọ́n, nítorí rọ́bà a máa gbó bí ojú táyà kò tilẹ̀ tíì jẹ. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Èmi kò lè gbé ọmọ mi sórí táyà tí n kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ìdáhùn kejì: Bí owó bá ká méjì péré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí ẹ fi tuntun méjèèjì sí, kí ìdí ọkọ̀ má baà yọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n nígbà òjò.