Nǹkan ìṣeré orí ibùsùn lẹ̀ mọ́ra nínú ọ̀rá: kí ni kí n ṣe?

Olùbéèrè (Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé orúkọ jáde): Ẹ kú ilé o. Nǹkan ìṣeré ìbálòpọ̀ mẹ́ta ni mo ní, inú ọ̀rá búláńkẹ́ẹ̀tì, èyí tó mọ́ gaara tó ní síìpù, ni wọ́n wà, lábẹ́ aṣọ. Sílíkónì ni ọ̀kan, rọ́bà rírọ̀ ni méjì. Rọ́bà méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra, wọ́n ń yọ̀ bí ohun tí wọ́n fi òróró pa, wọ́n sì ń rùn. Ṣé fífọ̀ lásán tó?

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́: Àbúrò, má lo rọ́bà méjèèjì mọ́. Òróró yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, inú rọ́bà ló ti ń jáde. Irú rọ́bà rírọ̀ bẹ́ẹ̀, ike tí wọ́n ń pè ní PVC ló sábà máa ń jẹ́. Líle ni PVC fúnra rẹ̀, ẹ wo páìpù omi. Kó tó lè rọ̀, wọ́n á po nǹkan mọ́ ọn, phthalate ló sì wọ́pọ̀. Kò so mọ́ ike náà rárá. Gbé àkàrà gbígbóná lé pépà, wo bí epo ṣe ń jáde: bẹ́ẹ̀ náà ni, pàápàá tí ooru bá mú un. Àwọn kan nínú phthalate ń da họ́mọ̀nù rú. Láti July 2020, òfin Yúróòpù ò gbà kí mẹ́rin nínú àwọn phthalate náà (DEHP, DBP, BBP àti DIBP) lápapọ̀ tó 0.1% nínú ike rírọ̀ tó ń kan ara. Ọ̀rá búláńkẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an, PVC ló sábà máa ń jẹ́.

Bàbá Ìbejì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rọ́bà rírọ̀ ni PVC o. Irú mìíràn wà tó ń jẹ́ TPE, òróró tó jọ èyí tí wọ́n fi ń pa ọmọdé lára ni wọ́n fi ń mú un rọ̀. Ihò tíntìntín wà lára rẹ̀ tí kòkòrò àìfojúrí ń sá sí, tí ẹ bá sì sè é, á yọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó fi kọ́ńdọ̀mù tuntun bò ó nígbà gbogbo. Kó má fi òrí tàbí òróró àgbọn kún un, wọ́n ń ba kọ́ńdọ̀mù látẹ́ẹ̀sì jẹ́.

Olùbéèrè: Sílíkónì ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́: Fi ìka ra á. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ níbi tó ti kan rọ́bà, dà á nù. Tó bá ṣì jọ̀lọ̀, fi ọṣẹ tí kò ní tùràrí fọ̀ ọ́. Bí kò bá ní mọ́tò nínú, tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, sè é fún ìṣẹ́jú 5. Tó bá ní mọ́tò, tí omi kò sì lè wọ inú rẹ̀, rì í sínú ìdérí bílíìṣì 1 sí ìdérí omi 9 fún ìṣẹ́jú 10, kí o ṣàn án títí òórùn á fi lọ. Má po ọtí kíkan mọ́ bílíìṣì o, gáàsì olóró ló ń yọ.

Kẹ́mi: Ibi ìpamọ́: jẹ́ kó gbẹ pátápátá lábẹ́ fáànù, kì í ṣe nínú oòrùn, torí ìrinmi ló ń mú kó bu. Àpò aṣọ òwú funfun tí a ti fọ̀, ọ̀kan fún ẹyọ kan. Yọ bátìrì. Tó bá jẹ́ èyí tó ń gba iná, jẹ́ kí iná inú rẹ̀ wà ní ìdajì. Má fi káńfọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, sílíkónì ń fa òórùn mọ́ra gan-an, ojú ara ló sì máa lọ. Tí ọmọdé bá wà nílé, kọ́kọ́rọ́ ni.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé kí n jó rọ́bà méjèèjì?

Bàbá Ìbejì: Rárá o! Èéfín PVC ní ásíìdì nínú, ó ń jó èèyàn lọ́nà ọ̀fun. Fi pépà wé e, so ó mọ́nú ọ̀rá dúdú, jẹ́ kí àwọn akólẹ̀ gbé e.