Ìpá olómi: kí ni síkáànù ń wá lára kórópọ̀n?

Ìbéèrè, láti Mushin: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹpọ̀n ọ̀tún bàbá mi ti wú fún ọdún 3, kò sì dùn wọ́n. Dókítà tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó mọ́lẹ̀ bí iná inú ọ̀rá omi. Kí ló dé tó tún ní kí wọ́n lọ ya síkáànù (ultrasound, tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara) ní Yábàá?

Èsì: Ó jọ ìpá olómi, ìyẹn omi tó gbára jọ yí kórópọ̀n (ọmọ inú ẹpọ̀n) ká. Tọ́ọ̀ṣì lè fi omi hàn, àmọ́ kò lè sọ bí kórópọ̀n inú rẹ̀ ti rí. Lórí síkáànù, omi á dúdú, kórópọ̀n á sì hàn ní àwọ̀ eérú; wọ́n á wọn gígùn, ìbú àti sísanra rẹ̀, wọ́n á fi wé ti òdìkejì, nítorí omi tó bá kún tó le gan-an lè tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Nígbà mìíràn, kókó burúkú ló ń fara pamọ́ sẹ́yìn omi náà.

Èsì: Ẹ ní kí wọ́n fi Doppler, apá kan nínú síkáànù yìí, kún un, òun ló ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn wọ inú kórópọ̀n hàn.

Olùbéèrè: Ṣé abẹ́rẹ́ kò lè fa omi náà tán?

Èsì: Ó lè fà á, ṣùgbọ́n omi ọ̀hún sábà máa ń padà, iṣẹ́ abẹ ló dára jù.