«Ìdọdẹ-ìgárá» kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Belarus mu

Ẹ̀yin alàgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Alàgbà wa tó ń gbé Kàdúná dábàá «ìdọdẹ-ìgárá» gẹ́gẹ́ bí orúkọ tí a ó máa pè lédè Yorùbá fún ogun tí Jámánì gbé ti àwọn ajìjàgbara inú igbó Belarus láàárín 1941 sí 1944. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè gbà á wọlé.

«Ìgárá» ni mo ń bá jà. «Ìgárá ọlọ́ṣà» ni etí wa mọ̀. Ẹni tí a bá ti pè bẹ́ẹ̀, a ti dá a lẹ́bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí Himmler, ọ̀gá ẹgbẹ́ ológun SS àti ọlọ́pàá Jámánì, ń wá gan-an nìyẹn ní 1942, nígbà tó pàṣẹ pé kí wọ́n yé pe àwọn jagunjagun wọ̀nyẹn ní «Partisan» (ajìjàgbara), «Banditen» (ọlọ́ṣà) ni kí wọ́n máa kọ. Ṣé àwa ni yóò wá bá a parí iṣẹ́ náà lédè Yorùbá?

Ẹ gbọ́ tẹnu àwọn ará Jámánì fúnra wọn. Nípa ogun tí wọ́n sọ ní Cottbus ní 1943, Wilhelm Kube tó ń ṣàkóso Belarus fún Jámánì kọ̀wé pé ọ̀tá 4,500 ló kú, ìbọn 492 péré ni wọ́n sì rí gbà, nítorí náà àgbẹ̀ pọ̀ nínú òkú yẹn. Ní Khatyn, abúlé kan ní Belarus, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún náà, nítorí pé àwọn ajìjàgbara yìnbọn sí ọkọ̀ ọlọ́pàá Jámánì nítòsí, àwọn ọmọ ogun tó wà lábẹ́ Jámánì kó ará abúlé sínú abà, wọ́n ti iná bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń yìnbọn pa ẹni tó bá já jáde. Ènìyàn 149 ló kú, 75 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ta ni ìgárá níbẹ̀?

Ẹni tó fẹ́ «agbésùnmọ̀mí» dípò rẹ̀ kò gbé ọ̀dọ̀ wa ní Àbújá, níbi tí rédíò ti ń fi ọ̀rọ̀ náà pe Boko Haram lójoojúmọ́.

Àwọn àgbà tó ròyìn ogun Ìjàyè fún wa, «ogun fọ́ ìlú» ni wọ́n ń wí. Wọn kì í fi orúkọ olè lé ẹni tí ogun bá nílé rẹ̀. «Ìgbógunti-ajìjàgbara» ni mo fara mọ́, kí a sì kọ «ìpakúpa ará oko» tẹ̀ lé e níbikíbi tó bá ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ní àmì ìsopọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí Alàgbà kọ́kọ́ sọ ìdí tí «ìgárá» fi gbọ́dọ̀ dúró.