Kí ló dé tí àwọ̀ ara fi ń padà ní tó-tò-tó lójú ibi tí epo ti jó mi?

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́):
Mo kí gbogbo ilé o. Ní nǹkan bí oṣù 2 sẹ́yìn, epo gbígbóná ta sí mi lápá níbi tí mo ti ń dín àkàrà. Ó léròrò, ó bẹ́, awọ òkè sì ṣí kúrò. Nígbà tó san, ojú rẹ̀ pọ́n, kò dúdú bí ara yòókù. Ní báyìí, àmì dúdú kéékèèké ń yọ níbẹ̀, ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan gan-an, bí ẹni wọ́n èédú sí i, etí rẹ̀ sì dúdú ju ara mi lọ. Kí ló dé tí àwọ̀ náà kò padà lẹ́ẹ̀kan? Kí ló sì dé tí ilà ojú bàbá àwọn ọmọ mi kò parẹ́, nígbà tí awọ tèmi ń tún ara rẹ̀ ṣe? Ẹnìkan lọ́jà ní kí n fi ìpara ìbóra pa etí tó dúdú yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀ kí n tó náwó sí i.

Nọ́ọ̀sì kan ní Kétu:
Ẹ kú ewu, Ìyá Ìbejì. Awọ òkè tí a ń fojú rí kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ ní ọ̀pọ̀ ibi lára, kò sì sí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni awọ àárín wà, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀, orísun òógùn àti gbòǹgbò irun wà; lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rá ló kù. Ní ìpìlẹ̀ awọ òkè, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí mo máa ń pè ní aláró fún àwọn tí mo ń tọ́jú, nítorí pé àwọn ló ń ṣe mẹ́lánìn, ìyẹn aró tó ń mú awọ dúdú, tí wọ́n ń pín in fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí wọn ká, tí àwọn yẹn sì ń tò ó sórí kókó tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì wọn bí agboorùn kí oòrùn má bàa bà á jẹ́.

Nígbà tí awọ òkè yín ṣí, àwọn aláró bá a lọ, ẹ̀jẹ̀ inú awọ àárín sì hàn síta. Ìdí nìyẹn tó fi pọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà nínú ihò irun, níbi tó jìn tí epo kò dé. Àwọn wọ̀nyẹn ló ń pọ̀ sí i tí wọ́n ń gòkè wá. Inú mi dùn láti gbọ́ ọ, nítorí pé ó fi hàn pé gbòǹgbò irun yín kò jó. Ẹni tí tirẹ̀ bá jó, àwọ̀ ibẹ̀ lè má padà pé mọ́.

Ní ti etí tó dúdú, egbò náà ló ru àwọn aláró ibẹ̀ sókè. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan bí ẹ bá ń fi aṣọ bò ó lọ́wọ́ oòrùn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ra ìpara yẹn. Hydroquinone tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ń dí àwọn aláró lọ́wọ́ iṣẹ́, àwọn gan-an tí ẹ ń retí. Kọ́tísónì tí wọ́n ń pò mọ́ àwọn kan sì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ará Sábẹ:
Èmi náà kọlà, mo sì ti bi dókítà kan ní ìbéèrè yìí rí. Awọ òkè ń rọ́pò ara rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, nítorí náà, ilà tó bá mọ síbẹ̀ ì bá ti parẹ́ tipẹ́. Abẹ olóòlà wọ awọ àárín, ibẹ̀ kì í sì í rọ́pò ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Okùn líle ló fi ń dí ojú ọgbẹ́, okùn náà kì í sì í tò bíi ti tẹ́lẹ̀. Èédú tí àwọn olóòlà mìíràn ń fi ra á máa ń há síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́):
Ẹ ṣeun gan-an, mi ò ní ra ìpara náà mọ́. Àfín ni Kẹ́hìndé mi. Ṣé kò ní aláró rárá ni?

Nọ́ọ̀sì kan ní Kétu:
Ó ní wọn, Ìyá Ìbejì. Iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lára ènìyàn dúdú, lára òyìnbó àti lára àfín. Aró ni àwọn tirẹ̀ kò lè ṣe tó, nítorí ohun tó jogún láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀. Agboorùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni kò ní, nítorí náà ẹ máa wọ ẹ̀wù alápá gígùn àti fìlà elétí fífẹ̀ fún un, pàápàá láti aago 10 àárọ̀ títí di aago 4 ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ bá rí egbò kan lára rẹ̀ tí kò tètè jiná.