Onílé tó ń wá olùrà lójú méjèèjì: ẹ wá sọ bí ẹ ṣe rí tiyín

Ará Houston:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ wholesaling ń bi mí ṣáá: ibo la ti ń rí onílé tó fẹ́ ta ilé rẹ̀ lóòótọ́, tí kì í ṣe pé ó kàn fẹ́ mọ iye tó máa pa? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Fún ẹni tí kò tíì mọ̀, wholesaler kì í fi owó ara rẹ̀ ra ilé. A máa ń bá onílé fọwọ́ sí àdéhùn lórí iye kan, a ó wá gbé àdéhùn náà fún ẹni tó lówó lọ́wọ́ tó fẹ́ tún ilé ṣe, ẹni yẹn á sì san owó iṣẹ́ wa. Nítorí náà, onílé tí nǹkan rọ̀ ṣọ̀mù fún kò ní ohun tó fẹ́ fi wá ṣe. Á pe ééjẹ́ǹtì, á sì dúró de olùrà tó máa san owó gidi. Ẹni tí à ń wá ni ẹni tí ọ̀rọ̀ ilé náà ti sú.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń ra orúkọ àwọn onílé jọ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ́tò mi ni mo ń wà gba àdúgbò kọjá, tí mo ń wo ilé. Ọ̀kan wà ní apá Acres Homes. Koríko ti ga dé ojú fèrèsé, ẹ̀ka igi kan ti ya lé òrùlé, ìwé tí àwọn ará ọ́fíìsì ìlú lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn nítorí koríko yẹn sì ti ṣá. Mo wọ orí ìkànnì HCAD, ọ́fíìsì tó ń díye lé ilé ní Harris County. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó. Orúkọ obìnrin ló wà níbẹ̀, àmọ́ àdírẹ́sì tí wọ́n ń fi ìwé owó orí ilé ránṣẹ́ sí kì í ṣe ti ilé náà. Louisiana ló wà. Mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà ṣókí: mo rí ilé yín, bí ẹ bá ń rò ó láti tà á, nọ́ńbà mi nìyí.

Ọkùnrin ló pè. Obìnrin tó wà nínú ìwé, ìyá rẹ̀ ni, ó sì ti di olóògbé tipẹ́. Ẹ fetí sí ohun tó kọ́kọ́ béèrè, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kò béèrè iye tí mo fẹ́ san. Ó ní, "Ṣé ẹ lè rà á bó ṣe wà yẹn, láìjẹ́ pé mo tún ń wá síbẹ̀?" Mo ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìsinmi ló ń wá. Owó orí ilé ń gun orí ara wọn (ní Texas, èyí tí o kò bá san títí di January 31, ìtanràn àti èlé ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ láti February 1 nìyẹn), àwọn àbúrò ń fi fóònù yọ ọ́ lẹ́nu, ilé ò sì tíì kúrò lórúkọ òkú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ogún bá ti wọ̀ ọ́ ni àwọn tuntun ti máa ń sá. Ẹ má sá. Bí olóògbé kò bá kọ ìwé ìhágún, ilé-iṣẹ́ title níbí (àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ẹni tó ni ilé gan-an kí títà tó parí) sábà máa ń gba affidavit of heirship, ìyẹn ìwé ìbúra nípa àwọn ajogún: ẹni méjì tó mọ ẹbí náà dáadáa, tí kò ní ìpín kankan nínú ogún, yóò búra nípa ẹni tó kú àti àwọn ọmọ tó fi sáyé. Lẹ́yìn náà, gbogbo ajogún ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà náà. Àbúrò wọn obìnrin kan ní òun ò ní fọwọ́ sí ohun tí kò yé òun, ó sì jàre. Mo pè é, mo ka àdéhùn náà fún un látòkè délẹ̀. Mo ní èmi kọ́ ni mo máa rà á, ẹlòmíì ni mo máa gbé àdéhùn fún, ọwọ́ ẹni yẹn ni owó tèmi yóò sì ti wá. Òun gan-an ló wá bá wa rí ẹlẹ́rìí kejì! Inú owó tí olùrà san ni wọ́n ti yọ gbèsè owó orí, wọ́n pín èyí tó kù.

Òfin Texas gbà wá láyè láti ta ẹ̀tọ́ tá a ní nínú àdéhùn láìní ìwé àṣẹ ééjẹ́ǹtì, bí a bá ti jẹ́ kó yé olùrà pé àdéhùn là ń tà, pé ilé náà kò tíì di tiwa. Ẹ má fi bò fún ẹnikẹ́ni, olùrà tàbí onílé.

Ará Dallas:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn tí báńkì fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ wọn ni èmi ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n ń ta irú ilé bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo ní Texas, ìkéde rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti jáde ní ọjọ́ 21 ṣáájú, ó kéré tán. Ọ́fíìsì akọ̀wé káúńtì ló wà. Gbogbo ayé ló ń kà á, ìṣòro ibẹ̀ sì nìyẹn.

Obìnrin kan ṣílẹ̀kùn fún mi, ó nawọ́ sí tábìlì. Lẹ́tà àwa wholesaler kún ibẹ̀, kò tíì já ọ̀pọ̀ nínú wọn. Yíǹkì pupa ni wọ́n fi kọ ìkìlọ̀ ìkẹyìn gàdàgbà sára ọ̀kan, bí ẹni pé kọ́ọ̀tù ló fi ránṣẹ́. Ó ní àyà òun já nígbà tí òun rí i. Inú bí mi gidigidi. Ẹni tí wàhálà ti bá, kí la tún ń dẹ́rù bà á fún?

Mi ò fún un ní ìwé kankan. Mo bi í bóyá ó ti pe báńkì láti mọ iye tó ṣì jẹ gan-an. Kò tíì pè, ẹ̀rù ló ń bà á. A jọ jókòó, ó pè wọ́n, wọ́n sì fi iye gbèsè náà ránṣẹ́. Ó kéré púpọ̀ sí iye tí ilé lè pa. Mo sọ fún un pé ká ní oṣù mélòó kan ṣì wà nílẹ̀ ni, ééjẹ́ǹtì ni ǹ bá ní kó pè. Àyè kò sí mọ́. Olùrà tí kò ní dúró de ẹ̀yáwó báńkì nìkan ló lè bá a. A parí ìwé kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó pé, owó tó ṣẹ́kù sì wọ àpò rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ fóònù o. Ẹ má kàn kó nọ́ńbà sínú ẹ̀rọ tó ń pe èèyàn fúnra rẹ̀. Lábẹ́ TCPA, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí fífi fóònù polówó, ẹni tí ẹ pè láìgba àyè lè gba 500 dọ́là lórí ìpè tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì lè di 1,500 bí kọ́ọ̀tù bá rí i pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ará San Antonio:

Tèmi ò gùn. Bàbá àgbàlagbà kan jẹ owó orí ilé, ó ní kí n tètè rà á kí ìjọba tó gbà á. Mo bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ní Texas, ẹni tó bá ti pé ọdún 65, tó ń gbé inú ilé náà, lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń díye lé ilé pé kí wọ́n dá gbígba owó orí náà dúró. Gbèsè ò parẹ́, èlé 5 nínú ọgọ́rùn-ún ń gun orí rẹ̀ lọ́dún, àmọ́ wọn ò lè tìtorí ẹ̀ ta ilé náà mọ́ ọn lórí níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń gbé ibẹ̀. Ó wù ú láti wà nínú ilé rẹ̀, nítorí náà mo bá a wá fọ́ọ̀mù. Mi ò rí owó kankan níbẹ̀, kò sì dùn mí.

Ibi tí mo ti ń rí onílé ni ìwé ẹjọ́ ayálégbé ní justice court, kọ́ọ̀tù kékeré tó ń gbọ́ ẹjọ́ lílé ayálégbé jáde. Onílé tó ń gbé ayálégbé lọ sí kọ́ọ̀tù lemọ́lemọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ tà fún mi, ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá ayálégbé náà fà á?

Ará Houston:

Ẹnì kan béèrè bí a ṣe ń mọ iye tá a máa fún onílé. Ẹ wo iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń pa ládùúgbò náà lẹ́yìn àtúnṣe. Bí ó bá jẹ́ 200,000 dọ́là, ọ̀pọ̀ olùrà kì í fẹ́ kọjá ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyẹn 140,000. Ẹ yọ owó àtúnṣe, ká ní 45,000, ó ku 95,000. Ẹ yọ owó iṣẹ́ yín, ká ní 10,000. 85,000 lẹ lè fún onílé. Bí iye yẹn kò bá ní san gbèsè tó wà lórí ilé, ẹ sọ fún un kíákíá, kó lè wá ọ̀nà míì nígbà tí àyè ṣì wà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Illinois, láti 2019 ni òfin yín ti ní kí ẹni tó bá ń ṣe ju irú òwò yìí ẹyọ kan lọ láàárín oṣù 12 gba ìwé àṣẹ. Oklahoma náà ṣe òfin tiwọn ní 2021. Ẹ ka ti ibi tí ẹ wà kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó jáde.