Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: kí la lè máa ṣe lórí ìlà Disney tí àwọn ọmọ ò fi ní máa sunkún, tí kò sì ní rẹ Màmá jù?

Ìyá Tọ́mi, Kábà

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn yín ni mo wá gbà. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Florida ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, lọ́lídé tó ń bọ̀ yìí lèmi àtàwọn ọmọ mi mẹ́ta pẹ̀lú Màmá wa ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, físà ti jáde fún gbogbo wa, a dúpẹ́. Ó ní òun máa gbé wa lọ sí Disney World ní Orlando, Magic Kingdom, ọ̀kan nínú àwọn páàkì ìṣeré ibẹ̀, ló dárúkọ, látìgbà táwọn ọmọ sì ti gbọ́ ni wọn ò ti sùn dáadáa mọ́.

Ohun tó ń já mi láyà ni ìlà. Ó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ẹ̀yin tèmi, èrò! Wọ́n tò lọ wọ́n tò bọ̀, ìlà yí kọ́nà ó tún yí kọ́nà, bọ́ọ̀dù wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n kọ ìṣẹ́jú 75 sí, ráìdì tó sì wà nínú ẹ̀ ò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Àbígbẹ̀yìn mi jẹ́ ọmọ ọdún 5, kò lè dúró sójú kan. Èyí àárín jẹ́ ọmọ ọdún 8, ìbéèrè ló máa ń bi èèyàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ti pé 13, tẹ́ ẹ bá ti gbé fóònù lé e lọ́wọ́ ó parí, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, mi ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá torí àwọn ọmọ àbúrò mi méjèèjì tí wọ́n bí síbẹ̀ máa wà níjokòó, àwọn yẹn ò tíì rí Màmá rí àfi lórí fídíò. Màmá náà ti lé ní 70, eékún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní jókòó sílé kí gbogbo wa lọ.

Mi ò fẹ́ fi gbogbo ọjọ́ náà pariwo "dúró jẹ́ẹ́" mọ́ ọmọ. Owó tí ọmọ ìyá mi ná ò kéré, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ gbádùn ara wọn. Eré wo lẹ lè bá mi ṣà, kí la lè kó dání, kí lèèyàn lè jẹ? Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí kó jọ̀ọ́ sọ bó ṣe rí gan-an.

Ọmọ Ìyàrà, mo wà ní Amẹ́ríkà

Àǹtí mi, ẹ kú ìmúra o. Èmi ti kó àwọn ọmọ mi lọ síbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó máa ro eré tẹ́ ẹ máa ṣe lórí ìlà, ẹ kọ́kọ́ dín ìlà náà kù. Tó bá ṣeé ṣe, kí àbúrò yín má mú yín lọ ní July, ìparí August ló dáa, torí bí ọjọ́ 10 August báyìí ni ọ̀pọ̀ iléèwé Florida ti ń wọlé, àwọn ọmọ wọn á ti padà sí kíláàsì nígbà tí tiwa ní Kogi ṣì wà ní lọ́lídé. Ẹ rí i pé ẹ ti wà lẹ́nu géètì kí wọ́n tó ṣí i. Ráìdì tí gbogbo èèyàn ń wá, wákàtí àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fi gùn ún, tó bá fi máa dọ̀sán ìlà ẹ̀ á ti gùn, ẹ wá lo ọ̀sán fún ibi tó ní òrùlé àti AC.

Ẹ dáńlóòdù àápù wọn, My Disney Experience ló ń jẹ́, á máa sọ iye ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ máa lò lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, Wi-Fi ọ̀fẹ́ sì wà nínú páàkì. Ẹ máa gbọ́ Lightning Lane náà, ìyẹn ni kẹ́ ẹ san owó míì lórí tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ lè gba ìlà kúkúrú. FastPass ló wà tẹ́lẹ̀, láti 1999, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n pa á tì ní 2021. Iye tí tuntun yìí jẹ́ máa ń yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́, kí àbúrò yín wò ó, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tètè débẹ̀ mi ò rò pé ó pọn dandan.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni Rider Switch. Àwọn ráìdì kan ní gíga tí wọ́n ń wò: Seven Dwarfs Mine Train, íǹṣì 38, Space Mountain 44, TRON 48. Tí àbígbẹ̀yìn yín ò bá ga tó, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó tò, àgbà kan á dúró ti ọmọ, àwọn yòókù á lọ gùn ún, tí wọ́n bá jáde ẹni tó dúró á wá wọlé láì tún to ìlà gígùn. Wọn ò gbowó ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wọn ọmọ náà nílé báyìí, ọmọ tó to wákàtí kan tí wọ́n wá dá padà níwájú, ẹkún yẹn ò ní tán bọ̀rọ̀.

Tíṣà Ìsánlú

Ọmọ mi, kú ìmúra, Ọlọ́run á mú yín lọ á mú yín bọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ kéékèèké ni mo fi ayé mi kọ́, jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí ìdúró pẹ́ lójú ọmọ ni pé ọwọ́ ẹ̀ dilẹ̀, kò sì mọ ibi tó máa parí sí. Ìlà tó ń yí kọ́nà tí o sọ yẹn, ó dáa bẹ́ẹ̀. Kọ́nà kọ̀ọ̀kan, àlọ́ kan. Bẹ́ ẹ bá ti yí kọ́nà kí Màmá pa àlọ́, kí ẹnikẹ́ni má dáhùn síta títí ẹ máa fi dé kọ́nà tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n máa rò ó lọ. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, àbígbẹ̀yìn ni kó kọ́kọ́ dáhùn, kí ẹ̀gbọ́n wọn àgbà gbẹ̀yìn, torí tí ọmọ ọdún 13 bá kọ́kọ́ sọ ọ́, àwọn kékeré ò ní gbìyànjú mọ́.

Àwọn tó rọrùn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ta ní ń bá ọba jẹun tí kì í kó àwo? Eṣinṣin. Ta ní ń kọjá lójúde ọba tí kì í kí ọba? Àgbàrá òjò. Yàrá kótópó, kìkì ẹ̀gún? Ẹnu, kí wọ́n la ẹnu kí wọ́n fi eyín han ara wọn. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀, ó kànrun? Òjò. Òrúkú tindí tindí, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò? Ẹ̀wà ni. Fún tẹ̀wà yìí, di ẹyọ díẹ̀ sínú pépà, ẹ̀wà olójú dúdú, tí wọ́n bá ti gbìyànjú tán kó o gbé e lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí tìróò yẹn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ò ní gbàgbé é.

Àlọ́ onítàn ńkọ́? Kí Màmá mú ìtàn Ìjàpá kan tó gùn, kí wọ́n pa á dé ibi tó dùn jù lórí ìlà kìíní, tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ wọ ráìdì kí wọ́n dá a dúró. Orí ìlà kejì nìkan ni wọ́n á ti máa bá a lọ. Wàá rí i pé àwọn ọmọ fúnra wọn lá máa wá ìlà tí wọ́n máa tò sí. Kí Màmá sì fi Owé, èdè Kábà yín, pa á, kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe é ní gẹ̀ẹ́sì nítorí àwọn ọmọ ọ̀hún, orin inú ẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ mú, ọ̀rọ̀ á tẹ̀ lé e.

Ìyá Ìbejì, Mọ̀pà

Ẹ ṣé Tíṣà, èyí wọ̀ mí lára. Ti oúnjẹ lèmi fẹ́ sọ. Ìyá Tọ́mi, wọ́n ń gbà kéèyàn gbé oúnjẹ wọ Disney o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọn ò gbà, àwọn tí wọn ò fẹ́ ni ọtí, ìgò, ohun tó nílò kéèyàn tún gbé e kaná, àti ohun tí òórùn ẹ̀ le. Torí náà ohun tó ní irú nínú, ẹ jẹ ẹ́ nílé. Ẹ̀pà yíyan, ṣinṣín, gúgúrú, ẹ fi àpò kéékèèké dì í, ti ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ torí ìjà, ẹ má sì kó gbogbo ẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa yọ ọ́ tí ojú bá ti ń rẹ̀ wọ́n. Kájú tiwa yìí náà dáa, tó bá ti jẹ́ yíyan, mo mọ̀ pé àbúrò yín á ti máa retí ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù ní èápọ́ọ̀tù tẹ́ ẹ bá balẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí wàhálà. Ẹran gbígbẹ àti kílíṣí nìkan ni kẹ́ ẹ má gbìyànjú ẹ̀, wọ́n á gbà á.

Ọmọ Òkè Kábà

Àǹtí, ẹ kàn sọ fún wọn ní géètì pé ara Màmá ò yá, wọ́n á fi gbogbo yín kọjá síwájú, mo gbọ́ pé wọ́n ní ètò kan fún un.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀

Bùrọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ wọn níyẹn. DAS lètò yẹn, àwọn tí àìsàn bí autism ò jẹ́ kí wọ́n lè dúró pẹ́ lórí ìlà bíi tàwọn yòókù ló wà fún, kì í ṣe ti eékún, tí wọ́n bá sì rí i pé èèyàn parọ́, wọ́n lè ní kó má wọ páàkì náà mọ́ láéláé. Àbúrò wọn tó ń gbé ibẹ̀ lẹ máa kó bá.

Ìyá Tọ́mi, ohun tó máa ran Màmá lọ́wọ́ ni wheelchair, wọ́n ń yá èèyàn nítòsí ẹnu ọ̀nà páàkì, ọ̀pọ̀ ìlà ló sì gbà á wọlé. Mo mọ àwọn ìyá wa, wọ́n á ní àwọn kì í ṣe arọ. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ ní kí wọ́n máa ti i bí ọ̀pá tí wọ́n á máa fara tì, kí àwọn ọmọ kó báàgì sórí ẹ̀, tó bá yá wọ́n á jókòó fúnra wọn. Tí ìlà bá ń rìn díẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n máa na ẹsẹ̀ kí wọ́n máa ká a, kó má gan. Bàtà tí wọ́n ti wọ̀ tó ti mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe tuntun.

Kì í ṣe gbogbo ìlà ló yẹ kí Màmá tò. Ibì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Carousel of Progress, èèyàn á jókòó sínú AC fún bí ogún ìṣẹ́jú, ìlà ẹ̀ kì í sábà pọ̀, ẹ jẹ́ kí àbígbẹ̀yìn tẹ̀ lé Màmá lọ síbẹ̀ nígbà táwọn àgbà bá lọ to èyí tó gùn. Ooru Florida ní August kì í ṣe kékeré. Ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ àyárajẹ nínú páàkì máa ń fún èèyàn ní ife omi tútù lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ṣáà béèrè. Kí gbogbo ọmọ sì tọ̀ kẹ́ ẹ tó tò, bó bá tiẹ̀ ní ìtọ̀ ò gbọ̀n òun.

Dèjì, ọmọ Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ gbèjà ọmọ ọdún 13 yẹn díẹ̀. Ma, tẹ́ ẹ bá gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá, ó máa bínú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ fún un níṣẹ́ tó máa fi fóònù ṣe. Òun ni kó di olórí ìrìn, òun lá máa wo àápù, òun lá máa sọ ìlà tó kàn. Tẹ́ ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà kan, kí kálukú sọ iye ìṣẹ́jú tó rò pé ẹ máa lò, Màmá náà, kó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kó tẹ aago, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù lọ ló máa yan ìjókòó nínú ráìdì. Ọmọ tó bá ti ta tẹ́tẹ́ lórí ìṣẹ́jú ò ní máa béèrè pé "ṣé a ti dé", aago lá máa wò.

Èkejì ni orí Mickey, èkúté wọn yẹn. Àwọn tó kọ́ páàkì náà fi àwòrán orí ẹ̀ pamọ́ sára ògiri, ilẹ̀, irin, òbìrí ńlá kan pẹ̀lú kékeré méjì lókè bí etí. Ọmọ ọdún 8 tó ń béèrè ìbéèrè, iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn. Níbi ráìdì kan tó ń jẹ́ Haunted Mansion, bí ìlà ṣe ń kọjá lára àwọn ibojì àtọwọ́dá, ọ̀kan wà tí wọ́n ya ohun èlò orin sí, téèyàn bá fọwọ́ kàn án á dún. Ọmọ ọdún 5 ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ẹ gbé power bank. Ẹ má gbé selfie stick, wọ́n ti fòfin dè é láti 2015. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ṣe tẹ́ń-tẹ́ń lórí ìlà, ẹsẹ̀ á gbá ẹni ẹlẹ́ni.

Ìyá Tọ́mi, Kábà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti sọ ẹrù kalẹ̀ lórí mi. Mo ti wọn ọmọ náà, íǹṣì 43 ni, ó máa gun ti Seven Dwarfs, Space Mountain àti TRON ni kò ní lè gùn, a ti sọ ọ́ fún un látòní. Mo ka ti Tíṣà fún Màmá, wọ́n ti ń ka àlọ́ tí wọ́n máa pa láti ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní èyí tí Tíṣà kọ ti rọrùn jù. Ẹ̀rù ohun kan ṣì ń bà mí, tí Màmá bá dá orin àlọ́ tí àwọn ọmọ márààrún gbè é, ṣé àwọn òyìnbó tó wà lórí ìlà ò ní máa wò wá? Òjò ńkọ́?

Ọmọ Ìyàrà

Àǹtí, kí wọ́n máa wò, àwọn náà ń dúró. Ẹ ṣáà rọra gbè é, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fò mọ́ ẹni tó wà níwájú. Òjò máa ń rọ̀ lọ́sàn-án nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, pẹ̀lú àrá, wọ́n sì máa ń dá àwọn ráìdì ìta dúró tí àrá bá ti ń sán. Ẹ gbé aṣọ òjò olówó pọ́ọ́kú láti Kábà, agbòòrùn á máa gún èèyàn lójú lórí ìlà. Tí òjò bá dá, ẹ tètè padà síta, ọ̀pọ̀ èèyàn á ti lọ sílé, ìlà á kúrú.

Ìyá Ìbejì, Mọ̀pà

Àwa tó jẹ́ pé Magicland Abuja la máa kó tiwa lọ ní Kérésì ńkọ́, Tíṣà?

Tíṣà Ìsánlú

Àlọ́ kan náà ni o. Kẹ́ ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti Lọ́kọ́ja, torí gosiló ọ̀nà Abuja nígbà Kérésì lè ju ìlà páàkì lọ.